Ẹ̀yìn Ni Kí Owó Kọ́kọ́ Lọ

Bí ẹnikẹ́ni bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, tó sì fẹ́ kí ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀ máa sáré bí ọkọ̀ ìdíje, èrò tèmi ni pé kó má tíì ra ohunkóhun sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kó kọ́kọ́ yọjú wo axle ẹ̀yìn, ìyẹn irin gbọọrọ tó dábùú abẹ́ ọkọ̀, tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tó sì ń gba agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ṣàjèjì sí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa. Ohun tí a máa ń jà lé lórí níbí ni bóyá àfòmọ́ àárín wà nínú èdè Yorùbá tàbí kò sí. Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ àfòmọ́ àárín náà ń bọ̀ níwájú.

Ọkọ̀ tí mo ní lọ́kàn ni Ford Mustang ọdún 1966 tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi rà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Bùrọ̀dá ni mo ń pè é. Ẹ má rò pé olówó ni o. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan, ọkọ̀ náà sì ti jókòó sábẹ́ igi fún ọdún púpọ̀ kó tó rà á. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà 6 ló bá a jáde nílé iṣẹ́, èyí tí wọ́n ní agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 120. Agbára ìyípo rẹ̀, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń lọ́ irin yí, jẹ́ 190 pọ́n-ùn-ẹsẹ̀. Axle tí wọ́n fi sí i lẹ́yìn bá a mu. Kíráùn inú rẹ̀ fẹ̀ tó 7.25 ínṣì, bóòtù 4 ló sì di ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú. Kò sí àléébù níbẹ̀. Ẹrù tí wọ́n ṣe é fún náà ló ń gbé.

Bùrọ̀dá wá rí ẹ́ńjìnnì V8 5.0 rà pẹ̀lú jíà T-5, láti ara Mustang tó jáde láàárín 1987 sí 1993. Ìyẹn ní 300 pọ́n-ùn-ẹsẹ̀. Ó pààrọ̀ ẹsẹ̀ iwájú àti bíréèkì iwájú sí oníbóòtù 5. Dọ́là 1,100 ló kù sí i lọ́wọ́, ó sì ti ń wo kámúṣáàfù tuntun àti kabúrétọ̀ tí yóò fi gbogbo rẹ̀ rà. Nígbà tó fi àwòrán ẹ́ńjìnnì náà ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí wa, gbogbo wa la kí i kú oríire. Àbúrò bàbá mi, Dádì Mọ́kọ́lá, nìkan ni kò kí i. Wẹ́dà ni wọ́n ní Ìbàdàn, wọ́n sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: “Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?”

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tó wà nídìí ìbéèrè yẹn. Axle kì í gba agbára ẹ́ńjìnnì bó ṣe jáde. Jíà ti sọ ọ́ di púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Jíà kìíní T-5 yẹn jẹ́ 3.35, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì máa yí ní ìgbà 3.35 kí propeller tó yí lẹ́ẹ̀kan, agbára ìyípo á sì di ìlọ́po 3.35. Bí kíráùn àti píníọ̀n bá tún jẹ́ 3.73, ẹ tún fi ìyẹn sọ ọ́ di púpọ̀ sí i. 300 lọ́nà 3.35 lọ́nà 3.73: ó lé ní 3,700 pọ́n-ùn-ẹsẹ̀. Ohun tí ṣáàfù méjì inú axle máa pín láàárín ara wọn nìyẹn, ní àkókò tí ọkọ̀ bá fò kúrò lójú kan, tí táyà sì di títì mú. Dádì Mọ́kọ́lá sọ ọ́ ní kúkúrú: “Ẹ́ńjìnnì ló ń pariwo, jíà ló ń sọ ọ́ di púpọ̀, axle ló ń rù ú.”

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ, pé àwọn mọ ẹni tó ti ń fi V8 sórí axle kékeré láti ọdún mélòó kan, kò sì kán. Òótọ́ ni. Táyà ló ń gbà á sílẹ̀. Táyà tínínrín á yọ̀ kí agbára náà tó dé góńgó, axle á sì mí. Ọjọ́ tó bá ra táyà fífẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ títì ni ìsinmi yẹn parí, eyín kíráùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ẹni tó bá wá fi owó rẹ̀ ra kámúṣáàfù, ohun tó rà ni kí axle rẹ̀ tètè kán.

Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, axle wo wá ni? Ẹ bi àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ ìdíje ní Amẹ́ríkà, ìdáhùn wọn kì í pẹ́: Ford 9 ínṣì. Ọdún 1957 ló jáde, ilé iṣẹ́ Ford sì lò ó títí di 1986. Mustang 1966 tó ní ẹ́ńjìnnì 289 tó lágbára jù náà, òun ni wọ́n fi sí i lẹ́yìn. Kíráùn àti píníọ̀n rẹ̀ máa ń jáde lódindi láti iwájú, tó fi jẹ́ pé èèyàn lè gbé òmíràn sí i kíákíá. Ó lágbára, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti gbówó lórí. Nínú àwọn tuntun tí Bùrọ̀dá wò, kò rí èyí tó wà lábẹ́ dọ́là 2,500. Yàtọ̀ sí ìyẹn, píníọ̀n rẹ̀ jókòó sísàlẹ̀ púpọ̀ sí àárín kíráùn, eyín wọn ń ha ara wọn ju ti àwọn mìíràn lọ, ó sì ń jẹ díẹ̀ nínú agbára tí a ní a fẹ́ kó gbé dé táyà. Mo ka irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ sí fáàrí, fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́.

8 ínṣì náà wà, èyí tí wọ́n fi sára Mustang V8 tí kò le tó bẹ́ẹ̀ ní ìgbà yẹn. Bí èèyàn bá kàn fẹ́ máa wa V8 jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó tó. Kò gba gígé, kò gba jíjó. Àmọ́ àwọn tó ń tún Mustang ṣe bó ṣe wà látilẹ̀ náà ń wá a lójú méjèèjì, ṣáàfù rẹ̀ sì jẹ́ oníyín 28.

Èyí tí èmi fara mọ́ wà ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń ya fọ́tò: lábẹ́ jíìpù Ford Explorer tí wọ́n ti jù sí ọgbà àlòkù ọkọ̀. Axle 8.8 ínṣì ló wà lábẹ́ wọn. Àwọn tó jáde láti 1995 títí dé 2001 ní bíréèkì onídíìsì lẹ́yìn, ṣáàfù wọn sì jẹ́ oníyín 31. Bóòtù 5 ló ń di ẹsẹ̀ wọn, ààyè tó wà láàárín àwọn bóòtù náà sì bá ti Mustang V8 àtijọ́ mu gẹ́lẹ́. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ ni Explorer jókòó lé bíi ti Mustang 1966. Èyí pọ̀ ju kí a kàn ní ó ṣe kòńgẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tún fi kan kún un nípa eyín. Agbára tí ọ̀pá irin fi ń kọ ìlọ́po ń tẹ̀ lé ìbú rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta ara rẹ̀. Bí ọ̀pá kan bá fi ìdá mẹ́wàá péré nípọn ju èkejì lọ, ó fi bí ìdá mẹ́ta lágbára jù ú. Eyín mẹ́ta tó lé yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Dọ́là 220 ni Bùrọ̀dá san, ó sì fúnra rẹ̀ tú u. Dádì Mọ́kọ́lá ń pè é ní tòkunbọ̀. Ọ̀rọ̀ náà pa Bùrọ̀dá lẹ́rìn-ín, ó ní, “Dádì, òkun wo ló ti bọ̀? Texas níbí náà ni wọ́n ti jù ú nù.” Wọ́n dá a lóhùn pé, “Ṣé ìwọ lo kọ́kọ́ lò ó? Tòkunbọ̀ ni.” Ẹ̀yin tó ń ṣe ìmọ̀ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ o: orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ló bọ́ sórí ọkọ̀ tó ti òkun dé, ó ti wá di ohunkóhun tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti kàn, òkun sì ti gbẹ nínú rẹ̀.

Àfòmọ́ àárín tí mo ṣèlérí nìyí. Lára ìdérí axle 8.8 ni wọ́n máa ń fi bóòtù de páálí irin kékeré kan mọ́. Bí nọ́ńbà orí rẹ̀ bá jẹ́ 3 73, ìyẹn ni 3.73 tí mo fi ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀kan. Irú èyí, bí ẹsẹ̀ kan bá wọ ẹrẹ̀, òun nìkan á máa yí lófo. Bí wọ́n bá kọ 3L73, axle náà ní Traction-Lok, tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan dá agbára jẹ. L yẹn kò sí níbẹ̀rẹ̀, kò sí ní ìparí, ó la nọ́ńbà sí méjì, ó sì fi ìtumọ̀ tirẹ̀ kún un. Àwọn tó ń bá mi jiyàn ní kíláàsì pé “ọmọkọ́mọ” kì í ṣe ẹ̀rí, kí wọ́n lọ bá Ford jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń ra axle má fi L nìkan tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Àwọn páálí ìfẹ́ inú Traction-Lok máa ń jẹ tán bí jíìpù bá ti rìn jìnnà, L á ṣì wà nínú àkọtọ́, kò ní sí nínú ìpè mọ́.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn jù ni ti gígé. Axle Explorer fẹ̀ ju ti Mustang 1966 lọ. Ó lé ní 59 ínṣì láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀, ti Mustang sì jẹ́ 57 àti díẹ̀. Píníọ̀n rẹ̀ kò tún sí láàárín, ó sún sí ọwọ́ ọ̀tún. Nítorí náà ṣáàfù ọ̀tún kúrú, ti òsì gùn. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ yìí fún ṣọ́ọ̀bù ńlá, wọ́n lè ní kó ra ṣáàfù méjì tuntun tí wọ́n gé sí ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn tálákà ọlọ́gbọ́n ti rí ọ̀nà mìíràn tipẹ́: ẹ padà sí ọgbà àlòkù ọkọ̀, ẹ tú ṣáàfù kúkúrú kan lára Explorer kejì, dọ́là 40, ẹ gé bí ínṣì 3 kúrò lára páìpù òsì, ẹ jó o pọ̀ padà, ẹ sì ki ṣáàfù kúkúrú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Axle náà á kéré dé ìwọ̀n tí Mustang lè gbà, píníọ̀n á sì bọ́ sáàárín. Irin méjì tí ilé iṣẹ́ ti ṣe tán ló yanjú ìṣòro méjì, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe ṣáàfù tuntun kankan.

Bí Dádì ṣe ṣàlàyé gbogbo èyí fún Bùrọ̀dá ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti ka iṣẹ́ àṣekágbá bíi mélòó kan lórí èdè àwọn mẹkáníìkì. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á ṣa ọ̀rọ̀ àyálò jọ, bíréèkì, bóòtù, sípánà, wọ́n á fi bí fáwẹ̀lì ṣe ń ya àwọn kọ́ńsónáǹtì hàn, wọ́n á ní ó tán. Ó dára, àmọ́ kò dé ibi tí ìmọ̀ wà. Ní ẹnu Dádì, ara ni axle ní. Ìkòkò irin tó wà láàárín ni ikùn. Páìpù méjì tó jáde lára rẹ̀ ni apá. Ibi tí propeller ti wọlé sí i ni imú. Wọn kò sọ fún Bùrọ̀dá pé píníọ̀n sún kúrò láàárín ní ínṣì mélòó. Ohun tí wọ́n sọ ni pé: “Imú rẹ̀ kò sí láàárín ojú. Gé apá tó gùn kó bá èkejì dọ́gba, imú á padà sáàyè rẹ̀.” Gbólóhùn méjì. Bùrọ̀dá ti wo fídíò fún ọ̀sẹ̀ méjì lórí ohun kan náà.

Ó tún ṣẹlẹ̀ nígbà tó kan bí imú yóò ṣe dúró. Bí ẹnu jíà bá dorí kodò ní dígírì 3, imú axle gbọ́dọ̀ gbójú sókè ní iye kan náà, kí àwọn méjèèjì lè máa lọ ní ọ̀gbọọgba. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, propeller á máa gbọ̀n, oríkèé rẹ̀ á sì jẹ. Ṣùgbọ́n axle orí sípíríǹgì pẹlẹbẹ kì í dúró bí a ṣe fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ ọkọ̀ lójijì, sípíríǹgì á ká, imú á gbé sókè. Dádì ní, “Tí o bá tẹ̀ ẹ́, á gbé imú sókè bí ajá tó gbóòórùn ẹran. Torí náà jẹ́ kó tẹ orí wálẹ̀ díẹ̀ látilẹ̀.” Wọ́n fi kún un pé kò gbọ́dọ̀ jó ìjókòó sípíríǹgì mọ́ apá axle pátápátá bí ọkọ̀ bá ṣì wà lórí jáàkì. Kí ọkọ̀ fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ jókòó, kí wọ́n wọn imú, kí wọ́n fi iná kàn án díẹ̀díẹ̀ kó dúró, lẹ́yìn náà kí wọ́n yọ ọ́ jáde láti jó o dáadáa. Ẹ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ àyálò ti ṣe iṣẹ́ ńlá nínú ìyẹn fún mi.

Ní ti jíjó, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ikùn axle 8.8 jẹ́ kásìtì, irin tí wọ́n yọ́ dà. Apá rẹ̀ jẹ́ páìpù irin lásán, tí wọ́n kì bọ inú ikùn, tí wọ́n sì fi iná kàn ní ojú ihò mélòó kan. Bí agbára bá pọ̀, apá lè yí nínú ikùn, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń jó o yípo. Kásìtì kì í gba iná bẹ́ẹ̀ lásán. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná, kí wọ́n lo ọ̀pá níkẹ́lì, kí wọ́n sì bò ó kó tutù díẹ̀díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á sán létí ibi tí wọ́n jó. Iná tún máa ń fa páìpù tẹ̀. Axle tó tẹ̀ á jẹ táyà, á jẹ bíárì, á sì fọ́ síìlì ọ́ìlì. Bùrọ̀dá fẹ́ fi ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú gáráàjì rẹ̀ jó o fúnra rẹ̀. Dádì ní rárá, èmi náà sì ní rárá. Dọ́là 200 ni wẹ́dà kan níbẹ̀ gbà. Bí ibì kan bá wà tí kò yẹ kí èèyàn ti fi owó pamọ́, ibẹ̀ ni.

Àléébù 8.8 kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kì í fẹ́ kéde. Irin kékeré kan tó rí bíi lẹ́tà C, nínú ikùn, ló di ṣáàfù mú. Bí ṣáàfù bá kán lórí eré, ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè bá a jáde. Bíréèkì onídíìsì máa ń dá a dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni. Fún ọkọ̀ ojú títì tí ṣáàfù rẹ̀ jẹ́ oníyín 31, mo lè bá wọn wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa fi í díje lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó wá owó fún ohun èlò tí yóò gba ipò C yẹn.

Bíréèkì gan-an kò gba eré. Mustang 1966 ní ẹ̀rọ bíréèkì tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan: bí páìpù kan bá jò, iwájú àti ẹ̀yìn lọ pọ̀. Bí a bá ti gbé díìsì sẹ́yìn, ẹ̀rọ ìtẹ̀ náà gbọ́dọ̀ yí padà sí ọlọ́nà méjì, kí wọ́n sì pín agbára láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Dọ́là 120. Bùrọ̀dá fẹ́ sún un síwájú. Dádì ní bó bá sún un síwájú, kó má pe àwọn mọ́.

Ẹ wá bá mi ro owó náà. Axle 220, ṣáàfù kejì 40, ìjókòó sípíríǹgì tuntun 50, páàdì àti díìsì bíréèkì 110, bíárì, síìlì àti ọ́ìlì 130. Wọ́n gé propeller, wọ́n sì pààrọ̀ ẹnu rẹ̀ kó lè bá ojú pẹlẹbẹ tí Explorer ní mu, 180. Wẹ́dà 200, ẹ̀rọ bíréèkì 120. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 1,050. Axle tí gbogbo ènìyàn ń fi yangàn pé àwọn rà ní pọ́ọ́kú kò tó ìdá mẹ́rin owó náà. Ẹni tó bá ní dọ́là 220 péré, tó gbọ́ pé axle Explorer kò wọ́n, tó wá lọ tú u, irin ńlá kan ló gbé wálé. Síbẹ̀ 1,050 kò tó ìdajì owó 9 ínṣì tuntun, tí òun náà á tún béèrè propeller àti bíréèkì kó tó rìn.

Ní báyìí, axle náà wà lórí ìdúró méjì nínú gáráàjì ní Houston. Wọ́n ti jó o tán, ṣùgbọ́n Dádì ní kí Bùrọ̀dá ki ọ̀pá títọ́ kan láti ẹnu apá kan dé ẹnu èkejì, kó sì fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́, kó tó da ọ́ìlì sí i. Ó ti fi dọ́là mẹ́jọ nínú 50 tó kù ra ìgò kékeré oògùn tí Traction-Lok máa ń bá ọ́ìlì mu, nítorí L ni tirẹ̀. Kámúṣáàfù ṣì wà lójú íntánẹ́ẹ̀tì níbi tó ti ń wò ó. Kò tíì bi mí bóyá kó rà á.